Bí A Ṣe Kọ́ Láti Jágbe Mọ́ Àgbà

Mo rí ìka ọ̀gá mi nínú ihò náà kí irin tó gé e. Mo rí i dáadáa. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú…” Mi ò parí ọ̀rọ̀ náà. Irin ló bá mi parí rẹ̀.

Nígbà tí ó padà dé láti ilé ìwòsàn, kò ní ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Kò bá mi wí rí. “Iṣẹ́ ló jẹ ẹ́,” ló máa ń sọ, á sì rẹ́rìn-ín. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi. Ọmọ Ọ̀fà ni, bíi bàbá tó bí mi, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ ojú irin ní Kàdúná láti ìgbà tí mi ò mọ orí ọ̀pá yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó fẹ̀yìntì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Mo sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi bọ̀ mí lọ́wọ́, èmi tó kọ́ pé ọwọ́ òsì kò yẹ ọmọlúàbí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ pé ó dàbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè yé ara wa. Irin tí ọkọ̀ rélùwéè ń gbà kì í ṣe ọ̀kan gbọọrọ láti Èkó dé Kánò. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá gígùn ni, tí a so pọ̀ lẹ́nu. Níbi tí ẹnu méjì bá ti pàdé, a ó fi pẹlẹbẹ irin méjì há wọn mọ́ra, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, a ó sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n pa. A máa ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹnu méjèèjì, nítorí pé bí oòrùn bá ti mú, irin a máa gùn sí i. Ẹni tó bá mọ oòrùn oṣù kẹta ní Kàdúná kò ní bá mi jiyàn. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, á máa ti irin náà síwájú díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo á fi pa dé níbì kan, tí á sì fẹ̀ jù níbòmíràn. Bí a ò bá tètè dá a padà sí àyè rẹ̀, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gidi, irin á wọ́, ọkọ̀ á sì já bọ́.

Báyìí la ṣe ń dá a padà: a ó tú bóòtù, a ó fi ọ̀pá irin ti irin ọ̀nà náà sẹ́yìn, gbogbo ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú orin. Ẹnì kan á dá a, àwọn yòókù á gbè é, ibi tí ègbè bá bọ́ sí ni agbára bọ́ sí. Bí a bá ti tì í tó, ihò ara irin àti ihò ara pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ wo ara wọn lójú kí bóòtù tó lè wọlé. Ibẹ̀ ni àṣà wa ti burú. Kì í ṣe pé kò sí irin ṣóńṣó tí wọ́n ṣe fún wíwo ihò, ó wà. Àmọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ kì í wá a. Ìka ni wọ́n ń kì bọ inú ihò láti mọ̀ bóyá ó ti ṣe déédéé. “Ìka kì í purọ́,” ni wọ́n máa ń wí. Òótọ́ ni, ìka kì í purọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó wà nídìí ọ̀pá bá fi lè ti irin náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ihò méjèèjì á kọjá lára ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí.

Ọdún bíi mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀gá mi lọ ni wọ́n sọ mí di olùkọ́. Wọ́n fún mi ní gáǹgì kan, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin, ọkùnrin mẹ́sàn-án. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti fọ́ọ̀mù kan. Bí mo bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, wọ́n lè máa tún ẹnu irin ṣe láìsí olùkọ́ lórí wọn, kò sì ní sẹ́ni tí yóò máa ṣọ́ ìka wọn mọ́. Mo mú un lọ sílé ní Badarawa, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ rédíò. Mo búra fún ara mi pé mi ò ní fọwọ́ sí i àfi bí mo bá gbọ́ igbe tí èmi ò lè ké lọ́jọ́sí. Mi ò wí fún ẹnikẹ́ni. Orí kunkun ni Ọlọ́run dá mi mọ́, mo sì mọ ìlò rẹ̀.

Ẹ̀yìn àwọn ilé Barnawa la ti ń ṣiṣẹ́. Hausa wà nínú wọn, Gbàgyí wà, Yorùbá mẹ́ta wà, nítorí náà Hausa ni gbogbo wa ń sọ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjì ni n óò mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni àgbà Hausa tó ń dá orin, tí gbogbo wa ń pè ní Malam. Ó ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ orí, ó ti ṣiṣẹ́ ní Jẹ́bà rí, ó sì gbọ́ Yorùbá tó tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ èèyàn. Nínú orin rẹ̀ kò sí àna ẹnikẹ́ni tí kì í bú. Èkejì ni ọmọ Kàbà kan, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọkùnrin pẹ̀lẹ́tù tí sùúrù rẹ̀ máa ń bí mi nínú. Bí ejò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ kó tó sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ kìíní, mo kó wọn jọ sábẹ́ igi dóńgóyárò, mo ṣe gbogbo àlàyé. Wọ́n mi orí. Malam ní, “Ranka ya daɗe,” ìyẹn ni pé kí ẹ̀mí mi gùn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ki ìka bọ ihò.

Mo bá ra ìrèké. Mo gé e bí ìka, mo kì í bọ ihò, mo ní kí wọ́n ti irin. Malam dá orin, wọ́n gbè é, wọ́n tì í. Ìrèké gé sí méjì, omi rẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Malam bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ààbọ̀ tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. “Ó dùn,” ló wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi. Ṣé wọn ò mọ̀ pé irin ń gé ìka ni? Wọ́n mọ̀. Ọ̀gá mi náà mọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé kì í ṣe ìmọ̀ ni wọn ò ní. Ẹni tó ki ìka bọ ihò kì í rí àwọn tó wà nídìí ọ̀pá, nítorí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ọ̀pá ló ń rí i. Òun ló yẹ kó ké.

Mo ṣòfin: ẹnikẹ́ni tó bá rí ọwọ́ níbi tí kò yẹ kó wà, kó ké “Tsaya!” pé kí gbogbo iṣẹ́ dúró. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kí wọ́n yọ agbára kúrò, kí wọ́n má béèrè ìdí. Kíá ni wọ́n gbà. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e mo dọ́gbọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́, mo rọra ti ìrèké bọ ihò, mo sì dúró kí n wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ rí i.

Ọmọ Kàbà ló rí i. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe yí padà.

“Ọ̀gá,” ló wí, “ẹ má bínú sà, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé…”

Ìrèké gé.

Mo já ìbínú lé e lórí. “Ó dà bíi pé kí ni? Ìka ti lọ! Kí o tó bẹ̀bẹ̀ tán, ìka ti lọ!”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” ló wí. “Malam ló ń dá orin lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tó. Mi ò lè já orin gbà mọ́ ọn lẹ́nu.”

Mo yíjú sí àwọn Hausa, bóyá tiwọn á yàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní òun náà rí ìrèké yẹn. Mo bi í ohun tó wí. Ó ní òun ti ń wí “Ranka ya daɗe” lọ́wọ́ nígbà tó gé. Malam fúnra rẹ̀ wá dá sí i, ó ní orin tí a bá já láàárín máa ń gbé àárẹ̀ bá ara, láti ìgbà bàbá òun lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò ya òmùgọ̀, wọn ò sì ya ọ̀lẹ. Ilé tó dára ló kọ́ wọn. Ilé tó dára yẹn náà ló kọ́ mi, òun ló sì gbé ìka ọ̀gá mi lọ.

Nílé lálẹ́, mo fẹ́ dán ọgbọ́n kan wò. Mo pe ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní bí mo bá ti na ọwọ́ sí sítóòfù, kó jágbe mọ́ mi. Ó wò mí, ó wo ìyá rẹ̀.

“A’a, Baba,” ló fi Hausa fèsì, bí gbogbo àwọn ọmọ mi ṣe máa ń ṣe. “Zan ji kunya.” Ojú á ti òun.

“Ṣe é,” mo wí. “Èmi ni mo ní kí o ṣe é.”

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Baba, tsaya,” bí ẹni ń kí aláìsàn. Ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà, gbé ìwé tó ń máàkì sílẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ jẹun,” ló wí. “Ọdún mẹ́sàn-án la fi ń kọ́ ọ pé kó má gbóhùn sókè sí yín, ẹ wá fẹ́ kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ta ló sọ fún un pé bó bá jágbe lónìí, ẹ ò ní rántí rẹ̀ lọ́la?”

Mo ní kì í ṣe bó ṣe rò ó ni. Ó ní bó ṣe rò ó gan-an ni. Mi ò sùn dáadáa.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo sọ òótọ́ fún wọn. Kò rọrùn fún mi; ẹni tí wọ́n ń pè ní olùkọ́ kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdọ̀tí rẹ̀. Mo sọ ti ìṣísẹ̀ mẹ́ta, mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mi ò parí. Mo sọ pé ọ̀gá mi kò bá mi wí títí ó fi lọ.

Malam ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbọn eruku ìdí aṣọ rẹ̀ nù, ó ní kí gbogbo wọn gbọ́. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá já orin gbà mọ́ òun lẹ́nu nítorí ọwọ́ èèyàn, òun ti dárí jì í kó tó ṣe é. Òun ò ní rántí rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, òun ò ní rántí rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, òun ò ní fi kọrin. “Wallahi,” ló wí. Ó wá fi Yorùbá Jẹ́bà rẹ̀ kún un: “Ẹni tó bá sì rí ọwọ́ mi tó dákẹ́, kó má wá kí mi mọ́.”

Ọ̀rọ̀ tí mo fi ọjọ́ mẹ́wàá sọ tí kò wọlé, àgbà fi ẹnu kan sọ ọ́, ó sì wọlé. Mo jowú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ gidi. Malam á dúró, á fi ìrèké sí ihò fúnra rẹ̀, àwọn ọkùnrin á sì máa jágbe mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àkọ́kọ́ ohùn wọn dà bí ti ẹni tó ń tọrọ omi mu. Mo ní kí wọ́n ké e kí wọ́n lè gbọ́ ọ ní Gonin Gora lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà máa ń dúró wò wá, wọ́n rò pé à ń jà. Obìnrin tó ń ta kòsé, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bi mí pé kí ni bàbá arúgbó yẹn ṣe fún wọn. Wọ́n kọ́ láti yọ agbára kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́ láti fi irin ṣóńṣó wo ihò, kí àwọn tó mú ọ̀pá sì gbé e sílẹ̀ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìrèké kò gé mọ́. Malam ń ráhùn pé ebi ń pa òun.

Ọmọ Kàbà nìkan ló kù. Ó ń ké e, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ mí, á tún tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Mímí yẹn nìkan, ìka ti lè lọ. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn.

“Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé yìí tìtorí rẹ,” mo wí. “N óò ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí ibi tí wọn ò ti ń ti irin.”

“Ẹ ṣeun sà,” ló wí. Bí ó ṣe wí i gan-an nìyẹn. Ẹ ṣeun! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ya wèrè.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn dé. A ti rán ẹni méjì lọ síwájú àti sẹ́yìn pẹ̀lú àsíá pupa. Ẹnu irin mẹ́rin la fẹ́ ṣe kí oòrùn tó gun orí, a ti ṣe mẹ́ta láìsí wàhálà kankan. Ẹ̀kẹrin ṣagídí. Wọ́n tì í, ó sún. Bóòtù kò wọlé. Wọ́n tún tì í, kò wọlé. Oòrùn ti ń jó mi lẹ́yìn ọrùn, fọ́ọ̀mù wà nínú àpò mi, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kí n lọ sílé. Ẹni tó mú irin ṣóńṣó lọ́wọ́ ṣì ń rìn bọ̀ láti ìdí ẹnu irin kẹta. Mi ò lè dúró dè é. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ihò. Malam rí ẹ̀yìn mi, ó rò pé mo ti wò ó tán, ó dá orin.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí mo rò, màá ní mi ò ro nǹkan kan. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ohun tí ó ti ń ṣe láti ìgbà èwe, kí fọ́ọ̀mù tó dé, kí n tó di olùkọ́. Ìka mi wọ inú ihò, mo sì ń fi í wá ibi tí etí kejì wà.

“TSAYA!”

Ọmọ Kàbà ni. Kò mí. Kò tẹrí ba. Ó tún fi Yorùbá lé e: “Ṣé orí rẹ pé ni? Yọ ọwọ́ ńbẹ̀!”

Orin já. Mo gbọ́ bí ọ̀pá mẹ́fà ṣe bọ́ sílẹ̀ lórí òkúta, lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo ṣe kọ́ wọn. Irin kò mira. Mo nà dúró, ẹ̀jẹ̀ sì ru sí mi lórí. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn, lójú oòrùn, níwájú àwọn tí mo jẹ́ ọ̀gá fún. Mo rìn lọ bá a. Mo fẹ́ fi èébú bo ìyá tó bí i. Malam ti ṣèlérí ìdáríjì tirẹ̀. Èmi kò ṣèlérí tèmi rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ.

Mo dé iwájú rẹ̀. Ó ti ń tẹ orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, mo sì gbọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má…”

“Dákẹ́!” mo wí. “Dìde. Bí o bá fi lè bẹ̀ mí, mi ò ní fọwọ́ sí i.”

Ó dìde. Ó wò mí lójú, kò sì bẹ̀ mí. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ, mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo fọwọ́ sí i níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i gan-an nígbà tí mo ń kọ ọ́.